Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Wolverine and the X-Men, katúùnù apá 26 tí wọn ò jẹ́ kó dàgbà

Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dárúkọ katúùnù yìí, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí, àwọn míì á tún fi ránṣẹ́ sí mi lóru, mo wá ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí kan. Mo ti wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo máa sọ bó ṣe parí o, àmọ́ màá kìlọ̀ fún yín kí n tó débẹ̀.

Èwo ni tiẹ̀ nínú gbogbo katúùnù X-Men tó wà yìí?

Àkọ́kọ́ tó ṣe lẹ́sẹẹsẹ lórí tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ ní 1992, èyí tí gbogbo ayé mọ orin ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ yẹn, apá 76 ló ṣe kó tó parí ní 1997. Ó tún wá kan X-Men: Evolution ní 2000, tí wọ́n sọ púpọ̀ nínú wọn di ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ìyẹn ṣe apá 52. Èyí tí mò ń sọ yìí ló tẹ̀ lé e. Nicktoons, ìkànnì tẹlifíṣàn katúùnù, ló fi í hàn ní Amẹ́ríkà láti January 2009, àmọ́ àwọn ará Kánádà ti ń wò ó láti 2008. Kí 2009 tó parí, ó ti tán. Sáà kan ṣoṣo, apá 26.

Ta ni wọ́n ń pè ní X-Men gan-an? Mi ò ka kọ́míìkì rí o.

Kò burú rárá. Stan Lee àti Jack Kirby ló dá wọn sílẹ̀ nínú kọ́míìkì Marvel ní 1963. Mútáǹtì ni wọ́n, ìyẹn àwọn èèyàn tí wọ́n bí agbára abàmì mọ́, ẹnì kankan ò fún wọn, wọn ò loògùn, tí wọ́n bá ti ń bàlágà ló sábà máa ń jáde lára wọn. Ìtànṣán pupa á máa bọ́ lójú eléyìí, tọ̀hún á gba inú ògiri kọjá bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà. Aráyé ń bẹ̀rù wọn, ìjọba ń dọdẹ wọn. Professor Charles Xavier, bàbá apárí tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, tó máa ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn èèyàn, ló kó àwọn ọmọ náà jọ sínú ilé ńlá kan ní ìpínlẹ̀ New York, ó sọ ọ́ di ilé ìwé fún wọn. Magneto tó ń darí irin gbà pé ogun nìkan ló máa yanjú ọ̀rọ̀ náà ní tiẹ̀. Ìyẹn ti tó yín, katúùnù náà á sọ ìyókù fún yín.

Ìtàn kí ló wá ń sọ?

Wọ́n ní baálé ilé kú, ilé dahoro. Ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti gbéra, ohun tó sì mú mi nìyẹn. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, gbogbo wọn ṣì wà nílé, Logan tí wọ́n ń pè ní Wolverine fẹ́ bá tiẹ̀ lọ bó ṣe máa ń ṣe, Rogue ń bínú sí i pé ó tún ti fẹ́ fi àwọn sílẹ̀. Ṣàdédé lorí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Professor àti Jean Grey, ọmọ ilé ìwé ẹ̀ tóun náà ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn èèyàn, ìmọ́lẹ̀ kan bú gbàù, ilé wó. Nígbà tí eruku fi máa rọlẹ̀, wọn ò rí àwọn méjèèjì mọ́, wọn ò rí wọn láàyè, wọn ò rí òkú wọn.

Ọdún kan kọjá. Kálukú ti bá tiẹ̀ lọ, Iceman ti padà sọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ̀, Storm ti wà ní Áfríkà, àwọn míì ti ń wá ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé wọn lọ sí Genosha, erékùṣù tí Magneto ti ń jọba. Ìjọba sì ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ MRD, iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa kó mútáǹtì lọ. Logan ń rìn kiri lóun nìkan, ó yọ ọmọbìnrin kékeré kan nínú ewu, ìdílé ọmọ náà gbà á sílé, làwọn MRD bá wá kó ìdílé náà torí wọ́n fi mútáǹtì wọ̀ sílé! Ìgbà yẹn ni Logan tó ṣẹ́rí padà. Ọ̀dọ̀ Beast ló kọ́kọ́ lọ, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí wọn ò retí ló bá wọn rí Professor: Emma Frost, obìnrin tó ń ka ọkàn èèyàn, tí ara ẹ̀ lè di dáyámọ́ńdì. Ó ní òun á wá a fún wọn tí wọ́n bá gba òun sínú ẹgbẹ́. Genosha ni Professor wà lóòótọ́, lọ́dọ̀ Magneto, ó sùn fọnfọn, kò mọ ayé mọ́. Bí wọ́n ṣe gbé e délé ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀ láti ogún ọdún tó ń bọ̀, torí ibẹ̀ ló ti jí. Ayé ti bàjẹ́ níbẹ̀, àwọn róbọ́ọ̀tì gìrìwò tí wọ́n ń pè ní Sentinel ló ń ṣàkóso. Ó ní kí Logan kó ẹgbẹ́ jọ, kó jẹ́ olórí wọn, kí wọ́n wá bí wọ́n á ṣe tún un ṣe kó tó ṣẹlẹ̀. Látìgbà yẹn ni ìtàn ti di méjì tó ń lọ pọ̀, wàhálà òní lápá kan, Professor àti àwọn ọmọ ọjọ́ iwájú bíi Bishop, Marrow, Domino àti Polaris lápá kejì.

Kí ló dé tó jẹ́ Wolverine ni wọ́n fi ṣe olórí? Ṣebí Cyclops ló máa ń ṣe é?

Ọ̀rọ̀ ọjà wà ńbẹ̀, ká má parọ́. Wolverine lọmọ aráyé mọ̀ jù nínú wọn, sinimá tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ ṣe sì ń bọ̀ ní May ọdún 2009 yẹn gan-an, ta ni ò ní fi orúkọ ẹ̀ síwájú?

Àmọ́ àwọn tó kọ ìtàn yìí ò fi bẹ́ẹ̀ gbé e kalẹ̀ lásán, wọ́n ṣiṣẹ́ lé e lórí. Cyclops, ẹni tí mo ní ìtànṣán pupa ń bọ́ lójú ẹ̀ yẹn, fẹ́ràn Jean ju ẹ̀mí ara ẹ̀ lọ, nígbà tí Jean sọnù, òun náà sọnù pẹ̀lú ẹ̀. Nígbà tí Logan àti Beast lọ bá a, inú yàrá kan ló jókòó sí, kò fá irùngbọ̀n, kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó yẹ kó jẹ́ olórí nìyẹn, ìbànújẹ́ ti gbé e mì. Ẹni tó wá kù ni Logan, tó ti gbé ayé pẹ́ ju bó ṣe rí lójú lọ torí egbò ẹ̀ máa ń jinná fúnra ẹ̀, tó máa ń bínú, tí kì í pẹ́ níbì kan, tí kì í fẹ́ kí wọ́n fi ẹrù kankan lé òun léjìká. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, bóyá àgbà ọ̀hún fẹ́, bóyá kò fẹ́. Ẹ máa rí i tó ń ṣàṣìṣe, á ké mọ́ àwọn ọmọ, á dá nìkan lọ síbi tó yẹ kó mú èèyàn dání, Rogue á tiẹ̀ fi ìbínú lọ dara pọ̀ mọ́ Brotherhood tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá wọn kó tó padà wálé. Díẹ̀díẹ̀ ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe bàbá ọmọ. Lójú tèmi, kò sí katúùnù X-Men míì tó mọ Wolverine tó báyìí.

Ṣé lóòótọ́ ni Storm jẹ́ ọmọ Áfríkà? Àbí Ọya ni wọ́n wò ṣe é?

Nínú kọ́míìkì, ìyá ẹ̀ wá láti Kenya, bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, Kérò ní Íjíbítì ló dàgbà sí lẹ́yìn tí àwọn òbí ẹ̀ kú, nígbà tó sì di obìnrin, àwọn ará Kenya kan ń bọ ọ́ bí òrìṣà torí ó ń rọ òjò fún wọn. Ororo lorúkọ ẹ̀. Len Wein àti Dave Cockrum ló gbé e jáde ní 1975.

Ti Ọya, rárá. Mo mọ̀ pé tí ọmọ Yorùbá bá ti rí obìnrin tó ń da ìjì rú, tó ń pe mànàmáná, Ọya ni ọkàn ẹ̀ á kọ́kọ́ lọ bá, tèmi náà lọ síbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àmọ́ Cockrum ti yàwòrán obìnrin kan tó ń di ológbò, ó tún ní ọkùnrin kan tó ń lo agbára ìjì, ó pa àwọn méjèèjì pọ̀ ló fi di Storm. Ibi tó ti wá gan-an nìyẹn.

Nínú katúùnù wa yìí, apá 4, Overflow, ni tiẹ̀. Professor kìlọ̀ láti ọjọ́ iwájú pé Storm máa fi ọwọ́ ara ẹ̀ pa ilẹ̀ Áfríkà run láìpẹ́, Emma àti àwọn yòókù sì gbọ́dọ̀ lọ dá a dúró. Ó wá hàn pé Shadow King, ẹ̀mí burúkú kan tó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, ló fẹ́ gbà á lára. Ìjì inú apá yẹn dára gan-an, ẹ wo bójú ọ̀run ṣe ń yí àwọ̀ padà. Ohun tó dùn mí ni pé lẹ́yìn apá yẹn, wọn ò fún un níṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó wà nílé, ó wà lójú ogun, àmọ́ ìtàn tara ẹ̀ ti tán. Obìnrin bíi Storm, ó yẹ kó ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Apá wo lẹ fẹ́ràn jù?

Rover. Mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Marrow jẹ́ ọmọbìnrin kan lọ́jọ́ iwájú tí egungun máa ń yọ síta láti ara ẹ̀, á fà á yọ, á fi jà. Gbogbo ayé ló kórìíra ẹ̀, òun náà kórìíra gbogbo ayé. Sentinel kan sì wà tí wọ́n ti yí inú ẹ̀ padà, ẹ̀rọ tí wọ́n rọ nítorí kó lè máa pa irú wọn, Marrow sọ ọ́ ní Rover, orúkọ táwọn òyìnbó máa ń sọ ajá. Ó ń tẹ̀ lé e kiri bí ajá lóòótọ́. Ẹ wo bí ọmọ náà ṣe kéré tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ irin yẹn, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibi tí nǹkan ti le fún wọn, Rover ló dúró kí wọ́n lè bọ́. Kò padà wá.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ wo apá yẹn lórí kọ̀ǹpútà kékeré kan tí bátìrì ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn. Nígbà tí Marrow bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àbúrò mi kọjú sí ògiri, ó ní oorun ń kun òun. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn dín ohùn ẹ̀ kù, mo jókòó síbẹ̀ títí iná ojú kọ̀ǹpútà fi kú. Ó ti dàgbà báyìí, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe, àmọ́ tí mo bá dárúkọ Rover, á dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, Guardian Angel. Warren Worthington ọmọ olówó ni, ó ní ìyẹ́ lẹ́yìn bí ẹyẹ, òun ló ń náwó fún X-Men ní bòókẹ́lẹ́ torí bàbá ẹ̀ kórìíra mútáǹtì. Nígbà tó fara pa, bàbá ẹ̀ ní kí àwọn dókítà gé ìyẹ́ náà kúrò. Bàbá tó bí i lọ́mọ! Ohun tí ìbínú wá sọ ọmọ náà dà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ wò ó fúnra yín.

Àwọn wo ló ṣe é? Ohùn ta ni Wolverine?

Craig Kyle, Greg Johnson àti Christopher Yost ló wà nídìí ìtàn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn X-23, ọmọbìnrin tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ Wolverine ṣẹ̀dá, Kyle àti Yost yìí náà ló dá a sílẹ̀, nínú Evolution ló ti kọ́kọ́ jáde kó tó wọ kọ́míìkì, ó sì wà nínú èyí náà. Boyd Kirkland tó ti ṣiṣẹ́ lórí katúùnù Batman ti àwọn ọdún 1990 ló ń bójú tó iṣẹ́ náà, ó kú ní 2011, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ilé iṣẹ́ Toonz ti India wà lára àwọn tó pawọ́ pọ̀ ṣe é pẹ̀lú Marvel.

Steve Blum lohùn Wolverine, ohùn tó gbó ketekete, tó dà bíi pé ó ń bínú kódà tó bá ń kíni káàárọ̀. Nolan North ni Cyclops, Jennifer Hale ni Jean, Kari Wahlgren ni Emma, Susan Dalian ni Storm, Liam O'Brien ni Nightcrawler.

Ṣé ó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Avengers?

Díẹ̀. Hulk àti Nick Fury, tí wọ́n sábà máa ń wà nínú ìtàn Avengers, yọjú ní apá 7. Yost sì lọ ṣiṣẹ́ lórí The Avengers: Earth's Mightiest Heroes ní 2010, Steve Blum tún ṣe ohùn Wolverine nígbà tó yọ síbẹ̀. Ìyẹn náà ò pẹ́, sáà méjì ni wọ́n fún un.

Kí ló dé tí wọ́n fi dá a dúró?

Owó. Ohun tí mo máa ń rí tí àwọn èèyàn ń sọ ni pé Disney ló pa á, torí August 2009 ni Disney kéde pé òun fẹ́ ra Marvel ní bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, ọdún yẹn náà sì ni katúùnù náà parí, wọ́n wá so méjèèjì pọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irú katúùnù yìí, kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ló ń dá bùkátà ẹ̀ gbé. Ẹni tó ni àwọn akọni wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń yàwòrán wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń mówó sílẹ̀ wà lọ́tọ̀, bí ẹní dá èésú ni, tí ẹnì kan nínú wọn ò bá rí tiẹ̀ san, ẹni tó kàn ò ní rí gbà. Ibẹ̀ ni sáà kejì ti há, owó ẹ̀ ò pé.

Ṣé sáà kejì wà níbì kankan? Ẹnì kan ní òun ní in.

Kò sí o. Ẹ má náwó yín. Èmi náà ti rà á rí, ọkùnrin kan tó ń ta sídìì lọ́jà búra fún mi pé sáà kejì rèé, ó tiẹ̀ fi àwòrán Wolverine sí páálí ẹ̀ lẹ́yìn. Mo sáré délé, mo fi sínú ẹ̀rọ, Evolution ni, àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó dùn mí dé egungun, kì í ṣe torí owó, torí mo ti fi gbogbo ọ̀nà ronú ohun tí màá rí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní i lọ́wọ́, nǹkan míì ló fẹ́ tà fún yín.

Ṣé ọmọdé lè wò ó?

Ẹ̀jẹ̀ ò sí níbẹ̀, èébú ò sí. Àmọ́ wọ́n ń kó ìdílé lọ sẹ́wọ̀n, ọmọ ń pàdánù òbí, ayé ń bàjẹ́. Ọmọ tó bá ti ń bèèrè ìdí nǹkan lè wò ó, ẹ kàn jókòó tì í.

Báwo ló ṣe wá parí? (Ẹ dúró níbí tẹ́ ò bá tíì wò ó o.)

Apá mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, Foresight, gbogbo okùn tí wọ́n ti ń ran látìbẹ̀rẹ̀ ló so pọ̀ níbẹ̀. Emma Frost tí gbogbo wọn ti gbà sílé, tí Cyclops pàápàá ti ń fà mọ́, ọmọ ẹgbẹ́ Inner Circle, ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan, ni látọjọ́ tó ti wọlé. Agbára Phoenix tó wà lára Jean, agbára abàmì tó dà bí iná, ni àwọn yẹn ń wá, òun ló sì wà nídìí ìmọ́lẹ̀ tó wó ilé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Emma gbà gbọ́ pé ṣe ni wọ́n fẹ́ pa Phoenix run kí ayé lè bọ́, ìgbà tó yá ló rí i pé ṣe ni àwọn tóun ń bá ṣe fẹ́ gbà á fún ara wọn. Ó wá fa iná náà sínú ara ẹ̀, ara ẹ̀ di dáyámọ́ńdì, ó sì fọ́ yángá. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin, ibẹ̀ ṣì máa ń mú mi lọ́fun, torí kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ yẹn, òun ló rán ara ẹ̀.

Ní Genosha, Magneto fẹ́ kó ogun ja aráyé, àwọn ọmọ tó bí fúnra ẹ̀ ló kọ̀ ọ́, Wanda ló ṣíwájú wọn, wọ́n lé bàbá wọn kúrò lórí ìtẹ́.

Ọjọ́ iwájú yí padà lóòótọ́, àwọn Sentinel ò jọba mọ́. Àmọ́ nígbà tí Professor wo àyíká ẹ̀, ẹlòmíì ló ti gba ipò wọn. Apocalypse ni, mútáǹtì àtayébáyé kan tó gbà pé alágbára nìkan ló yẹ kó wà láàyè. Àwọn tó mọ Age of Apocalypse, kọ́míìkì X-Men ti 1995, á ti mọ ohun tó ń bọ̀, pé àwọn kan nínú àwọn tiwọn gan-an á máa sin Apocalypse. Wọ́n parí ẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé òun ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Láti apá 1, Hindsight, mẹ́ta ló tẹ̀ léra, ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà bíi sinimá. Ó wà lórí Disney+, DVD ẹ̀ náà wà. Tí dátà ò bá pọ̀, ẹ tún wo Overflow, X-Calibre tí Nightcrawler ti dáàbò bo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, Future X, Guardian Angel, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó bọ́ sí Foresight, Rover. Ẹ má wo Rover kẹ́ ẹ tó wo Future X, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ Marrow nígbà tó ṣì ń bínú sí gbogbo èèyàn.